Orúkọ Ṣáájú Owó: Ọjọ́ Kan ní Bath Road

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ ilé ìtura. Lagos ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ní 1976, mo ń gbé ẹrù àlejò láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá. London ni mo ti fẹ̀yìn tì ní 2017, mo ti di máníjà àgbà. Abidjan àti Dubai wà láàárín. Bí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá bi mí pé ibo ló mú mi lọ́kàn jù nínú gbogbo ìrìn àjò yẹn, wọ́n máa ń retí kí n dárúkọ ìlú kan. Ọjọ́ kan ni mo máa ń dárúkọ fún wọn: Ọjọ́bọ̀, 15 April 2010.

Gbogbo máníjà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ ló ní ìwé tó ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, tòun ti aago rẹ̀. Tèmi ti ọdún yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Inú rẹ̀ ni mo ti mú púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìyókù, kò sí ìwé tó lè rán mi létí rẹ̀ ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ.

5:10 àárọ̀

Ilé ìtura wa wà ní Bath Road, títì tó gba ìhà àríwá pápákọ̀ òfuurufú Heathrow kọjá. Yàrá 312 ló ní. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò nílò aago tó ń jí èèyàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú ńláńlá láti Áfíríkà àti Éṣíà ti máa ń balẹ̀, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, wíńdò á sì máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ti Lagos máa ń wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ dé. Mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé àwọn ará ilé ti balẹ̀.

Mo rìn yí ilé ká kí n tó jókòó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Lagos, òyìnbó ará Switzerland kan, ló kọ́ mi pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni máníjà ń gbà wọlé. Kó kọ́kọ́ dé ilé ìdáná, kó dé ibi ìfọṣọ, kó tó wá bọ́ sí ibi tí àlejò wà. Nígbà tí mo dé ilé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ náà, rédíò ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní òkè kan tó ń yọ iná ní Iceland, Eyjafjallajökull, orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè pè, ti ń tú eérú sójú ọ̀run láti àná, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti ti àwọn pápákọ̀ Scotland pa. Obìnrin tó ń din ẹyin ní kí n fọkàn balẹ̀, pé Scotland jìnnà.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: "Eérú. Scotland ti tì."

7:00 àárọ̀

Àwọn awakọ̀ òfuurufú pọ̀ nínú àlejò wa. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti ń sùn lọ́dọ̀ wa kí n tó débẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun láìwọ aṣọ iṣẹ́. Edinburgh ló yẹ kó wa ọkọ̀ lọ láàárọ̀ yẹn. Bí mo ṣe rí ẹ̀wù ilé lọ́rùn rẹ̀ ni àyà mi já.

Mo jókòó tì í. Ó ní eérú tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń kó nídìí ààrò. Òkúta lílọ̀ àti dígí wẹ́wẹ́ ni. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá fà á símú, ooru inú rẹ̀ á yọ́ ọ, á lọ lẹ̀ mọ́ àwọn abẹ̀bẹ̀ inú ẹ́ńjìnnì, á tún dì padà síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì ní lè mí mọ́. Ó wá sọ ìtàn ọkọ̀ British Airways kan fún mi, Boeing 747, tó wọnú eérú òkè Galunggung lójú ọ̀run Indonesia ní June 1982. Òru ni. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kú. Ọkọ̀ náà ń rọra já wálẹ̀ pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 240 nínú rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó tún gbà. Wọ́n balẹ̀ sí Jakarta, ṣùgbọ́n eérú ti ha dígí iwájú débi pé agbára káká ni awakọ̀ fi ń rí ìta. Ẹnikẹ́ni kò kú.

Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ni èyí á gbà. Ó ní afẹ́fẹ́ ló mọ̀.

10:00 àárọ̀

Ìròyìn ti kàn wá. NATS, àjọ tó ń darí ọkọ̀ lójú òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní láti aago méjìlá ọ̀sán títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó kéré tán, ọkọ̀ kankan kò ní fò.

Mo pe àwọn tó ń darí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ibi ìgbàlejò, a sì ṣe ìpàdé lórí ìdúró. Ẹni tó ń bójú tó àwọn tó ń tún yàrá ṣe jẹ́ ìyá kan, ará Punjab, tó ń gbé ní Southall. Ọmọ Goa ni ọ̀gá alásè. Ọmọbìnrin kan láti Poland ló wà fún ibi ìgbàlejò. Bí ilé ìtura Heathrow ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí. Ilé ìtura ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ dà bí odò: bí omi ṣe ń wọlé láti òkè ni omi ń jáde nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, yàrá 221 ló yẹ kó ṣófo, àwọn tí a sì ti gba yàrá sílẹ̀ fún láti wọlé jẹ́ 230. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ mọ́ yàrá 91 tó kù, ẹ ó rí i pé a ti ta yàrá mẹ́sàn-án tí a kò ní. Ọ̀pọ̀ ilé ìtura ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ọjọ́ tí a kì í rí àwọn tí kò ní dé. Ìṣirò yẹn kì í sábà tàn wá. Ó tàn wá lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó yẹ kó lọ kò lè lọ: àlejò yàrá 140 nínú 221 yẹn ló ti wá bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí àwọn dúró. Àwọn tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀run kò lè dé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ̀ láti Birmingham àti Cardiff wá wọkọ̀ ti wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn gbogbo àwọn wọ̀nyí ni àwọn tó wà nínú pápákọ̀ fúnra rẹ̀. Bí èèyàn 180,000 ló ń gba Heathrow kọjá lójoojúmọ́ nígbà náà.

Ìyá Southall kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ yàrá. Aṣọ ibùsùn ló ń rò. Ìpín mẹ́ta ni à ń ní: ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Ó ní kí a má pààrọ̀ aṣọ àwọn àlejò tó dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, kí a fi ìwé kékeré tọrọ àforíjì lórí ìrọ̀rí wọn, kí a sì tọ́jú gbogbo èyí tó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ìrọ̀lẹ́ la tó mọ̀.

Èmi náà ní ohun tí mo gbé wá láti ibòmíràn. Ní January 1977, nígbà tí àjọ̀dún FESTAC kó aláwọ̀ dúdú gbogbo ayé wá sí Lagos, àlejò ya bò wá débi pé a kò mọ ibi tí a ó fi wọ́n sí. Ọ̀gá mi gbé tábìlì kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà, ó fún mi ní bírò àti ìwé, ó ní: "Kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú rẹ. Orúkọ kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, iye tí wọ́n jẹ́. Má tíì dárúkọ owó." Ó ní ẹni tí a bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kì í pariwo, nítorí ó ti mọ̀ pé ẹnì kan mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Mo kọ orúkọ títí ọwọ́ mi fi wú.

Mo ní kí wọ́n gbé tábìlì sí ẹnu ọ̀nà.

12:00 ọ̀sán

Mo jáde sí ibi tí à ń gbé mọ́tò sí. Ọkọ̀ òfuurufú kan gbéra, ó yí apá rẹ̀ síhà ìwọ̀ oòrùn, ó lọ. A dúró de èkejì. Èkejì kò wá.

Nǹkan bí 1,300 ọkọ̀ ló ń balẹ̀ tàbí gbéra ní Heathrow lójoojúmọ́. Mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ariwo yẹn fún ọdún mẹ́fà, n kò sì mọ̀ pé ó ti sọ mí di ẹni tó ń pariwo bó bá ń sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pè mí, mo gbọ́ ọ bí ẹni pé inú etí mi ló wà. Mo dá a lóhùn, òun náà sì fà sẹ́yìn. Ẹyẹ kan ń ké lórí igi ẹ̀bá títì. Ó dájú pé ó ti ń ké níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Kò sí èéfín lójú ọ̀run. Kò sí eérú lórí mọ́tò. Ohun tó mú iṣẹ́ ọjọ́ náà le nìyẹn: àwọn àlejò ń yọjú lójú wíńdò, wọ́n ń rí ọ̀run tó mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé ẹnì kan ń pa irọ́ fún àwọn. Mo sọ ìtàn Galunggung títí ó fi sú mi.

1:10 ọ̀sán

Fóònù dún láti olú ilé iṣẹ́.

Iye owó yàrá kì í dúró sójú kan. Kọ̀ǹpútà ló ń wo iye èèyàn tó ń wá yàrá, òun ló sì ń gbé owó náà sókè tàbí kó sọ ọ́ kalẹ̀. £89 ni yàrá wa láàárọ̀. Ní aago mẹ́wàá, ó ti di £139. Nígbà tí fóònù yẹn dún, £229 ló wà lójú ẹ̀rọ, ẹni tó pè mí sì fẹ́ kí àwọn tó ti sùn mọ́jú lọ́dọ̀ wa náà bẹ̀rẹ̀ sí san án láti alẹ́ ọjọ́ náà.

Èrè kò burú lójú mi. Mo ti gbé owó yàrá sókè nígbà ìdíje tẹ́nìsì Wimbledon, mo sì sùn fọnfọn. Ẹni tó fẹ́ wo Wimbledon mọ̀ pé òun ń lọ. Bó bá fẹ́, ó lè jókòó sílé rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ọdún 2009 ti nà wá ní pàṣán, pé àwọn tó ni ilé jẹ báńkì lówó. Ṣùgbọ́n ta ló yan Bath Road lọ́jọ́ yẹn? Ọkọ̀ ló já wọn síbẹ̀. Ẹni tí kò rí ọ̀nà àbáyọ, tí o wá rí i pé àpò rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ, kì í ṣe oníbàárà lásìkò yẹn.

Mo ní rárá. Ẹni tó bá ti wà lọ́dọ̀ wa, iye tó san lánàá ni yóò san. Ẹni tó bá fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí wọ́n fagi lé hàn wá, £89. Ọmọbìnrin Poland yẹn já ẹ̀rọ náà kúrò lórí iye owó, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fọwọ́ sí i, mo kọ aago rẹ̀: 13:22.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé pé kí n wá wí tẹnu mi. Owó àjẹmọ́nú ọdún yẹn kò tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bí wọ́n bá tún dá mi padà sí ọjọ́ náà, ohun kan náà ni n ó ṣe.

2:25 ọ̀sán

Ẹni kejìdínlógójì lórí ìwé orúkọ. Ọmọ tó ń kọ ọ́ wá bá mi pé ìyá kan wà níta tí kò fẹ́ jókòó.

Ìró àti bùbá àńkárá ni wọ́n wọ̀, wọ́n da kóòtù ńlá bò ó, wọ́n wé gèlè bí ẹni tó ń lọ sóde. Mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ káàsán, Mà."

Ojú wọn là. "Háà! Ọmọ wa ni ọ́!"

"Èmi ni, Mà. Ẹ kú ìrìn."

"Ìrìn kò tíì parí. Ìbàdàn ni mo ti ń bọ̀, Houston ni mò ń lọ. Ọmọbìnrin mi bí ọkùnrin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ la máa sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n á ti ṣí ọ̀nà nígbà yẹn, àbí?"

"Wọ́n á ṣí i, Mà." N kò ní ẹ̀rí kankan tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

"Yàrá yín ńkọ́? Èló ni?"

Mo sọ fún wọn. Mo rí i bí ètè wọn ṣe ń mì, wọ́n ń yí i padà sí náírà. Wọ́n ní àga ẹ̀gbẹ́ wíńdò yẹn tó àwọn, àwọn ti sun orí ẹní rí.

Àpótí wọn méjèèjì wà nínú ikùn ọkọ̀ tàbí níbì kan nínú pápákọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Báàgì kan ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ṣí i láti mú fóònù, mo sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀: orógbó, obì àbàtà, atare, iyọ̀ tí wọ́n di sínú ọ̀rá, aṣọ funfun kékeré kan tí wọ́n ká. Oyin wà nínú àpótí, wọ́n ní. Wọn kò gbójú lé e pé wọ́n máa rí ti gidi rà ní Amẹ́ríkà.

Ibi tí iṣẹ́ tí mo kọ́ ti wúlò nìyí. European Union, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ní òfin kan, nọ́ńbà 261 ti ọdún 2004. Ó ní bí wọ́n bá fagi lé ọkọ̀ tó ń gbéra láti ilẹ̀ wọn, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ bọ́ èrò, kó sì fún un ní ibi tí yóò sùn, kódà bí ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í bá ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èrò kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Láti aago mọ́kànlá ni mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, tí a ń fún ẹnikẹ́ni tó bá kọ orúkọ ní ẹ̀dà kan. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún Màmá níbi tí a dúró sí. Mo ní kí wọ́n tọ́jú gbogbo rìsíìtì, títí kan ti omi.

"Ìjọba wọn ló kọ èyí?"

"Àwọn ni, Mà."

"Ó dáa. Fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Mo fún wọn ní yàrá 114, kí wọ́n má bàa máa bá lífìtì jà.

5:05 ìrọ̀lẹ́

Yàrá tán lórí orúkọ kẹrìnléláàádọ́ta. Orúkọ ti di 137, àwọn èèyàn sì ń jókòó sórí ẹrù wọn nínú gbọ̀ngàn ìgbàlejò. A gbé pákó síta pé kò sí yàrá mọ́.

Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ wọlé, ọmọ wà láyà ìyá. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò pọ̀. Ọmọ tó ń kọ orúkọ ti lọ jẹun, èmi sì wà lórí fóònù pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan. Mo na ọwọ́ sí pákó. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó mi orí, wọ́n jáde.

Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn náà tí mo rí ohun tí mo lè ṣe fún wọn. Mo sáré jáde dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró, mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀. Wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. N kò kọ orúkọ wọn, èmi tí mo ní kí gbogbo èèyàn máa kọ orúkọ. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló ṣì máa ń jí mi lóru.

6:00 ìrọ̀lẹ́

NATS tún sọ̀rọ̀: kò ní ṣí kí ó tó di aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo gbọ̀ngàn ìgbàlejò dákẹ́, ọmọ kan wá bú sẹ́kún.

A ní yàrá ìpàdé mẹ́ta nísàlẹ̀ ilé, níbi tí àwọn oníṣòwò ti máa ń ṣe ìpàdé. Èmi àti ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná fún wa wọ ibẹ̀ lọ. Mi ò lè kó èèyàn sí kọ̀rídọ̀, nítorí bí iná bá ṣẹ́ yọ, ibẹ̀ ni gbogbo ilé máa gbà jáde. Ṣùgbọ́n yàrá ìpàdé ní ilẹ̀kùn méjì-méjì tó ṣí sí ìta gbangba. Ó ní òun gbà, bí ẹni méjì bá máa fi ojú ṣọ́nà títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí wọ́n sì ní orúkọ gbogbo ẹni tó ń sùn síbẹ̀ lórí ìwé. Mo ní ìwé ti wà nílẹ̀.

Ìyá Southall ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ nígbà yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò ó. Ó ti wọ kóòtù láti máa lọ sílé láti aago mẹ́rin, ó sì ti bọ́ ọ. Òun àti àwọn obìnrin mẹ́rin to bẹ́ẹ̀dì kékeré tó ń ká sílẹ̀, wọ́n to tìmùtìmù àga, wọ́n to fóòmù tí à ń tẹ́ sí ibi eré ìdárayá, wọ́n sì tẹ́ aṣọ funfun lé gbogbo rẹ̀. Wọ́n ká igun aṣọ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ bí wọ́n ṣe ń ká a ní yàrá tó wọ́n jù lókè. Orí fóòmù tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ti ń ká igun aṣọ! Mo bi í pé ṣé ó pọn dandan. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè mi.

Èèyàn 76 ló sùn síbẹ̀. A kò gba kọ́bọ̀. Àwọn yòókù lórí ìwé rí mọ̀lẹ́bí tó wá gbé wọn, tàbí kí a bá wọn wá yàrá sí Slough àti Reading. Ọ̀gá alásè se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa tí àwọn ará Íńdíà ń pè ní dal, ìkòkò ńlá méjì, nítorí ẹlẹ́ran jẹ ẹ́, ẹni tí kì í jẹran jẹ ẹ́, Mùsùlùmí àti Júù sì lè jẹ ẹ́.

8:30 alẹ́

Ìdìbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn mẹ́ta síwájú ara wọn fún àríyànjiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n, Gordon Brown, David Cameron àti Nick Clegg, irú èyí tí wọn kò ṣe rí. Àwọn àlejò kó jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Màmá jáde wá láti 114, wọ́n jókòó sáàárín wọn, wọ́n bi mí pé èwo ni olórí ìjọba nínú wọn. Kí n tó dáhùn, wọ́n ti fi ọwọ́ tọ́ka sí Brown.

"Ẹni tó ti rẹ̀ yẹn ni."

10:40 alẹ́

Mo tún rìn yí ilé ká. Ọkùnrin kan tó ní àtọ̀gbẹ ti fi oògùn rẹ̀ sínú àpótí tó wà ní pápákọ̀. A ti pe dókítà alẹ́, takisí sì ti gbé oògùn mìíràn dé. Obìnrin kan láti Bamako kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Mo jókòó tì í ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo fi Faransé tí mo kọ́ ní Abidjan bá a sọ̀rọ̀. Òun náà mọ Hôtel Ivoire, níbi tí àwọn ọmọdé ti máa ń yọ̀ lórí yìnyín nínú ooru Abidjan. A jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé, tí mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí nínú òkùnkùn, Dubai ló wá sí mi lọ́kàn. Ní January 1991, nígbà tí ogun Gulf bẹ̀rẹ̀, ilé ìtura tí mo wà níbẹ̀ di òfo láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Alaalẹ́ ni mo máa ń lọ láti yàrá dé yàrá, mo ń tan iná, mo ń ṣí kọ́tìnì, kí ẹni tó bá ń kọjá lọ má bàa rò pé a ti sá. Iná ń tàn ní 200 yàrá, ẹnikẹ́ni kò sí nínú wọn. Ẹni tó bá ti rí òfo yẹn kò lè rí èèyàn 76 lórí fóòmù kó ka wọn sí wàhálà.

2:40 òru

Nínú ilé ìtura, ọjọ́ kì í parí ní aago méjìlá òru. Ó ń parí nígbà tí ẹni tó ń ṣírò owó lóru bá ti pa ìwé ọjọ́ náà dé. Ọmọ yunifásítì kan ló ń ṣe é fún wa. Ó wá bá mi pé ìwé kò fẹ́ pa dé: kọ̀ǹpútà kò mọ àlejò tí kò ní nọ́ńbà yàrá, òun kò sì mọ ibi tí òun máa kọ èèyàn 76 sí. Ó ní ṣé kí òun fo wọ́n.

Mo ní kó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. A mú ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, a jókòó, mo ń pè é, ó ń kọ ọ́, orúkọ 76, títí a fi parí. A so ó mọ́ ẹ̀yìn ìṣirò ọjọ́ náà. Bí ọjọ́ 15 April ṣe parí nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà

Òfuurufú kò ṣí ní ọjọ́ kejì, kò ṣí ní ọjọ́ kẹta. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, wọ́n ti fagi lé bí 100,000 ìrìn ọkọ̀ ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ náà sì kan bí mílíọ̀nù 10 èèyàn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 April, ọjọ́ kẹjọ ọmọ, bá Màmá ní yàrá 114.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, tó jẹ́ aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Houston, wọ́n wá sí ọ́fíìsì mi. Wọ́n ní kí n wá abọ́ fún àwọn. Mo mú abọ́ dígí kan wá láti ilé ìjẹun, mo bu omi sí i. Wọ́n to orógbó àti obì sórí tábìlì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá alásè fún wa ní oyin. Wọ́n wé gèlè. Mo tẹ fóònù, mo ṣí ohùn rẹ̀ sókè, a sì gbọ́ ọmọ náà tó ń ké. Wọ́n sọ owó pọ́n-ùn kan sínú omi, wọ́n pe orúkọ tí àwọn fún un, lẹ́ẹ̀mẹta, ní ohùn rara. Ìyá Southall wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó bi mí ní ìtumọ̀ orúkọ náà, ó wá mú owó jáde nínú àpò rẹ̀, òun náà sọ ọ́ sínú abọ́.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣí òfuurufú. Màmá gbéra ní 22 April, àpótí wọn méjèèjì pé.